Orúkọ Ìlú Kan Nínú Fóònù Olóògbé

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ní Lọ́kọ́ja ni pé mo gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, síbẹ̀ mo di àlejò. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ìhà ibi tí àwọn Faransé ti ṣe ìjọba. Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún, òun náà ni mo fi ń lálàá. Èrò mi ni pé ẹni tó bá ti lè sọ ọ́, kò sí ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí ní Nàìjíríà tí kò ní dà bí ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tó ni ilé tí mo háyà yàrá sí ní àdúgbò Natako yọjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Òkun o." N kò mọ̀ pé ìkíni ni. Mo ń wò ó. Ó rò pé mo gbéra ga, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ní ọjà, wọ́n á fi Haúsá kí mi, n kò ní gbọ́. Wọ́n á gbìyànjú Ìgalà, n kò ní gbọ́. Tí mo bá wá la ẹnu, Yorùbá mi tí Faransé há sáàárín rẹ̀ á jáde, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Where you from?" Mo ní Kétu. Wọn kò mọ Kétu. Mo ní Bẹ̀nẹ̀, ti Faransé. "Ah! Kútọnú!" Bí mo ṣe di Kútọnú nìyẹn, èmi tí n kò dé Kútọnú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láyé mi.

Ó ti di ọdún mẹ́rin. Tí wọ́n bá bi mí pé báwo ni, mo máa ń ní dáadáa ni. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òtítọ́. Inú mi rí bí ẹsẹ̀ tí èèyàn ká sábẹ́ ìdí fún ìgbà pípẹ́: ó wà níbẹ̀, kò dunni, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi rìn. Mo ń jí, mo ń wẹ̀, mo ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́, ooru Lọ́kọ́ja á bò mí mọ́lẹ̀, màá padà sílé. Ọdún mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọmọ Yàgbà kan tí à ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Crusher, níbi tó ti ń bá àwọn ilé-ìwé, ìjọ àti ẹgbẹ́ ìlú ṣe wẹ́bùsáìtì. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mọ owó, ṣùgbọ́n àlàyé kò sí lẹ́nu rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì á wọlé pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá, wọ́n á bi í pé kí ni àwọn fẹ́ rà gan-an. Òun á wá da gírámà bò wọ́n. Wọ́n á mi orí bí alángbá, wọ́n á jáde, wọn kò ní padà wá.

Ní tèmi, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo dé Lọ́kọ́ja, gbogbo orúkọ nǹkan tí mo mọ̀ ti yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí n má baà sọnù, mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, mo ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá tí ìyá mi lè gbọ́. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀gá kò sí ní ìjókòó, ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé wọlé, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí òun yóò fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo ní, "Màmá, ẹ fi ojú ilé wò ó. Àwòrán yín, ọ̀rọ̀ yín, orúkọ àwọn tíṣà yín, ẹrù ni gbogbo wọn. Ẹrù ń fẹ́ ibi tí a máa gbé e sí. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà níbòmíràn tí wọn kì í pa, a máa háyà àyè nínú rẹ̀ fún yín. Òun ni wọ́n ń pè ní họ́sìtìn."

"Ó yé mi. Àti dómáìnì?"

"Orúkọ ni. Èyí tí èèyàn máa tẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kì í rà á títí láé o, ọdọọdún lẹ máa ń sọ ọ́ dọ̀tun. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé, ẹlòmíràn lè mú un."

"Kí wá ni baráúsà?"

"Ọlọ́kadà ni. Ẹ dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ fún un, òun ló máa gbé yín débẹ̀. Líǹkì sì ni ilẹ̀kùn láti yàrá kan sí èkejì."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ fi ń dà mí lórí rú látọjọ́ yìí nìyí?" Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti gbé tábìlì mi sí iwájú. Inú mi dùn, mo sì mọ̀ pé inú mi dùn nítorí pé mo rò ó. N kò rí i lára.

Ìyá mi máa ń pè lọ́jọ́ Àìkú. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: kí ni mo ń ṣe ní Nàìjíríà? Màá ní mò ń bá àwọn èèyàn so orúkọ mọ́ ilé wọn. Á ní, "Ilé tìrẹ ńkọ́?" Màá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ní ọdún kejì mi ni àwọn ará Ìdó-Ọ̀pẹ wá. Ìlú kékeré kan lápá Kàbà ni. Àwọn ọmọ wọn pọ̀ ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sì pọ̀ sí i lókè òkun. Ẹgbẹ́ ìlú wọn fẹ́ ìkànnì tí wọn yóò kó ìtàn ìlú sí, pẹ̀lú orúkọ agboolé kọ̀ọ̀kan àti àwòrán àwọn àgbà tó ti lọ. Bàbá Alága ló ṣáájú wọn, àgbàlagbà tó ga, tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Bàbá Akọ̀wé, àbúrò rẹ̀ lọ́mọ bàbá, ló gbé fáìlì tẹ̀ lé e.

A dé ibi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tó ni dómáìnì. Mo ní kí wọ́n fi Bàbá Akọ̀wé síbẹ̀, torí pé òun ló ń ka íméèlì lójoojúmọ́, gbogbo ìwé ìkìlọ̀ yóò máa wá bá a. Bàbá Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo.

"Èmi kẹ̀? Kí n máa jẹ́ olórúkọ ìlú lójú ẹ̀gbọ́n mi? Ọmọbìnrin, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi jáde ni?"

Mo mọ̀ pé kò dáa kí a kọ ọ́ sórí ẹni tí kì í ka íméèlì. Mo sì tún mọ̀ pé tó bá jẹ́ Kétu ni, ohun tí àwa náà máa ṣe nìyẹn: a ò ní fo àgbà kọ ọmọdé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo kọ orúkọ Bàbá Alága, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti íméèlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fún un lójú ẹsẹ̀; owó ọdún méjì ni wọ́n san. Nígbà tó fẹ́ tẹ páswọ́ọ̀dù, ó wò mí, mo sì kọjú sí ògiri. Ìka kan ṣoṣo ló fi tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́ gan-an. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n láyé yìí.

Ní ọdún yìí, Bàbá Alága kú.

Kò ju oṣù kan lẹ́yìn náà, Bàbá Akọ̀wé já wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú òógùn. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ìkànnì wa ti kú. Àwọn ọmọ ń pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń pè láti Kánádà. Wọ́n ní à ń palẹ̀ ìsìnkú mọ́, àwọn fẹ́ wo àwòrán bàbá, ibẹ̀ ò ṣí mọ́."

Mo wò ó. Orúkọ ìkànnì náà ti parí ọjọ́ rẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, inú íméèlì òkú ni wọ́n sì wá sí.

"Bàbá, ilé ò wó," ni mo sọ fún un. "Ẹrù yín pé níbi tó wà. Orúkọ tó ń júwe ọ̀nà ló lọ."

Ó jókòó. "Ilé tí ẹnikẹ́ni ò lè dé, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tó wó?"

Mo ṣàlàyé ìyókù: ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù. Láàárín rẹ̀, orúkọ ṣì ń dúró de olówó rẹ̀. Tó bá kọjá, ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè rà á, kó sì fi ṣe ohun tó wù ú. Láti gbà á padà, a gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù Bàbá. Tí a kò bá mọ̀ ọ́n, a lè tọrọ òmíràn, nọ́ńbà mẹ́fà kan yóò sì wá sórí fóònù Bàbá.

"Fóònù náà wà nínú yàrá rẹ̀," ni Bàbá Akọ̀wé wí, ó sì gbé ọwọ́ lérí.

Mo bi í pé kí ló ṣòro níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé n kì í ṣe ará ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá kú ni Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin, ti ti yàrá náà pa, tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi sìnkú, tí ẹbí yóò sì jókòó pín ogún. Ìsìnkú sì ku oṣù mẹ́ta gbáko. Wọ́n ń dúró de àwọn ọmọ tó wà lókè òkun, wọ́n ṣì ń kun ilé.

Ọ̀gá mi dúró títí Bàbá Akọ̀wé fi jáde. Kò pariwo, kò sì bú mi. "Ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀," ó ní. "Ìdajì àwọn oníbàárà wa, ọmọ ìlú yẹn ni wọ́n. Tí orúkọ náà bá lọ, Kútọnú, ìwọ náà á lọ. N ò ní lè ṣe nǹkan kan sí i."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo padà sórí iṣẹ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kò bà mí lẹ́rù. Mo ń ronú nípa àpò kan tí mo ní, ohun tó máa gbà àti ohun tí kò ní gbà.

Dáwódù, àkọ́bí Bàbá lọ́kùnrin, ló kọ́kọ́ ní òun á wọlé mú fóònù bàbá òun. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì ní tó bá wọlé, àwọn náà á wọlé, torí pé inú yàrá yẹn kan náà ni ìwé ilẹ̀ wà. Ìyá Àgbà lé gbogbo wọn. Bàbá Akọ̀wé lọ bẹ̀ ẹ́, ó lé òun náà. Ọjọ́ mẹ́wàá lọ.

Láàárín ìgbà náà, ọmọ Bàbá kan pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní kí lẹ ń pariwo fún, òun ṣì ń rí ìkànnì náà lórí fóònù òun, àwòrán bàbá òun ló wà níwájú òun yìí. Mo ṣàlàyé fún un pé fóònù máa ń fi ohun tó rí kẹ́yìn pamọ́, kó má baà rin ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́. Wọ́n ń pè é ní káàṣì. "Ohun tí ẹ ń wò, ẹ̀gbọ́n, ìrántí fóònù yín ni. Kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ báyìí."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo dúró gbọnrangandan. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá mi ti ṣèèṣì jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu pé wọ́n ti gé igi máńgòrò iwájú ilé wa. Mo bi í pé nígbà wo. Ó ní á tó ọdún méjì. Ọdún méjì ni mo ti ń fi ọkàn jókòó sábẹ́ igi tí kò sí. Àbúrò mi tí mo máa ń rí níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé ti lọ́kọ. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an ni, ṣùgbọ́n omi kan kò jáde lójú mi. Mo dágbére fún ọmọ Bàbá, mo fi fóònù sílẹ̀, mo sì bá oníbàárà kan yan àwọ̀ tí yóò fi ṣe ojú ewé rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹbí ní ìpàdé ìsìnkú nílé Bàbá Alága. Bàbá Akọ̀wé ní kí n gbé kọ̀ǹpútà mi ká lọ. Ọ̀sán gangan ni a dé. Àwọn èèyàn kún pálọ̀, fáànù ń yí afẹ́fẹ́ gbígbóná ká. Ìyá Àgbà wà lórí àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá tó wà ní títì. Ó kéré, ó gbẹ, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere.

Mo kúnlẹ̀. "Òkun o, màmá."

"Òkun. Ìwọ lọmọ Kútọnú? Wọ́n ní orúkọ ìlú wa wà nínú fóònù àbúrò mi. Sọ bó ṣe dé ibẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ilé dé orí orúkọ. N kò fi tèmi pamọ́. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́ sórí Bàbá nígbà tí mo mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́, ó ń fi ọwọ́ ra ìṣẹ́tí ìró rẹ̀.

"Tí o bá gbé fóònù náà, kí lo máa mú níbẹ̀?"

"Nọ́ńbà mẹ́fà péré, màmá. Màá dá a padà síbi tí mo ti mú un."

Dáwódù dìde. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kí n mú un fún un."

"Jókòó," ni Ìyá Àgbà wí. "Bí o bá wọlé, wọ́n á ní o ti gbé ìwé ilẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá wọlé, ìwọ náà á sọ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé, ọmọ bàbá kan náà ni ìwọ àti olóògbé, ìwọ náà ní ìpín." Ó yí ojú sí mi. "Ọmọ yìí ńkọ́? Ta ni bàbá rẹ̀ níbí?"

"Kò ní," ni Bàbá Akọ̀wé dáhùn.

"Ṣé ó fẹ́ ọmọ wa kankan?"

"Rárá."

"Kí ló ní nílùú wa?"

"Kò ní nǹkan kan."

Wọ́n ń sọ ọ́ lórí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Wọn kò bú mi, òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìyá Àgbà tú ìṣẹ́tí rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́. "Ẹni tí kò ní ìpín ni kò lè jí ìpín ẹnikẹ́ni. Wọlé. Ìwọ nìkan. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí gbogbo wa máa wò ó."

Mo wọlé. Òórùn àgùnmu àti eruku kún yàrá náà. Fìlà rẹ̀ wà lórí ìṣó, jígí ojú rẹ̀ wà lórí Bíbélì, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ìka méjì gbé e, mo gbé ọwọ́ kejì sókè kí wọ́n lè rí i pé ó ṣófo. A fi í sí iná lójú gbogbo wọn, a ń dúró. Bàbá kò fi ohunkóhun ti ojú fóònù rẹ̀. Bó ṣe tàn báyìí, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó ń dún, ó ń dún, kò dáwọ́ dúró: àwọn tó ń kí i kú ọdún, àwọn tó ń bi í bóyá ara rẹ̀ ti yá. Ẹnì kan nínú pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo tọrọ páswọ́ọ̀dù tuntun, nọ́ńbà mẹ́fà wọlé, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà mi, ọ̀nà sì ṣí.

Ibi kan ṣoṣo ló kù. Mo ní, "Wọ́n ń bèèrè orúkọ ẹni tó ni ín báyìí."

"Èmi ni," ni Dáwódù wí. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì ní èèwọ̀. Bàbá Akọ̀wé ní kí wọ́n kọ ẹgbẹ́ síbẹ̀; mo ní èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n ń fẹ́, tó ní fóònù. Ariwo ta. Ìyá Àgbà lu apá àga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ìwọ ọmọ yìí, kọ orúkọ ara rẹ."

"Màmá, èmi kì í ṣe ọmọ ìlú yín."

"Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. O kò ní lè fi jọba lé wa lórí. Máa bá wa mú un dání. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá jà tán, o ó gbé e fún ẹni tí a bá ní kí o gbé e fún."

Mo kọ orúkọ mi, èyí tí ìyá mi sọ mí, tí ẹnikẹ́ni kò fi pè mí rí ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n bèèrè ibi tí olórúkọ ń gbé. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kọ láyé mi, Kétu ni mo máa ń kọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ débi pé Bàbá Akọ̀wé bi mí bóyá iná ti lọ ni. Mo kọ Natako, Lọ́kọ́ja. Mo tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́, ìkànnì ṣí. Bàbá Alága yọ sí wa pẹ̀lú fìlà yẹn gan-an lórí rẹ̀. Wọ́n pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́, Dáwódù gbá mi lẹ́yìn tòun ti omijé lójú. Mo dá fóònù padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, mo jáde, Ìyá Àgbà ti yàrá, ó so kọ́kọ́rọ́ padà.

"O ṣé, ọmọ mi," ó ní. "Olúwa á bá wa san án fún ọ. Wàyí o, máa lọ síta. Ọ̀rọ̀ ẹbí ló kù."

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi. Bí mo ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù mi dún. Íméèlì ni, wọ́n kọ orúkọ mi ní pípé, wọ́n ní wọ́n kí mi kú oríire, èmi ni mo ni Ìdó-Ọ̀pẹ láti òní lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Nǹkan kan já nínú mi, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún bí ọmọdé, n kò tiẹ̀ bo ẹnu. Lẹ́yìn mi, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.